Àmì mẹ́ta péré ni IRM rí lọ́pọlọ àbúrò mi, kí ló dé tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́?

Aránṣọ_Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe ní Kétu níbí, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 27 ni.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ojú ọ̀tún rẹ̀ ṣú mọ́ ọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá yí ẹyinjú náà, á máa dùn ún. Ojú ọ̀hún là padà. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí mo na aṣọ pupa kan sí i, ó fọwọ́ bo ojú òsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ yìí ti ṣá." Aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá! Lẹ́yìn ọdún tuntun tó kọjá yìí ni ẹsẹ̀ òsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Sálúbàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní mọ̀, àfi bí ọmọdé bá sáré gbé e tẹ̀ lé e.

Dókítà ọpọlọ tó rí i ní Kùtọnu kọ "sclérose en plaques" sínú ìwé, ìyẹn àìsàn tó ń ba iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ jẹ́, ó ní ká lọ ya IRM, àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ olóòfà ń yà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan ni mo tà ká tó rí owó rẹ̀ san. Àmì funfun mẹ́ta ni wọ́n rí. Ẹni tó ka èsì náà fún wa níbi tí a ti yà á ní "kò pọ̀", ó sì kọjú sí ẹlòmíì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àna rẹ̀ ti ń wí pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí púpọ̀. Ṣé àmì mẹ́ta lè dá ẹsẹ̀ èèyàn dúró? Mo tún gbọ́ pé IRM mìíràn wà tó ń fi ọ̀nà tí iṣan gbà nínú ọpọlọ hàn. Ṣé ká wá owó ìyẹn?

Ayàwòrán_Àjàṣẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún 9 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ IRM. N kì í ṣe dókítà, àmọ́ ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ nìyí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye àmì wọn ìyà tó ń jẹ ọmọ yẹn. Ibi tí àmì wà ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹ wo afárá Àjàṣẹ́ tó kọjá lórí ọ̀sà. Bí ọkọ̀ bá kú sí àdúgbò kan nínú ìlú, a ó gba ẹ̀yìnkùlé yí i ká. Bó bá kú sórí afárá, ẹni tó ń lọ Kùtọnu á dúró ni. Ọ̀nà tí àṣẹ ẹsẹ̀ ń gbà náà nìyẹn: láti òkè ọpọlọ ló ti ń bọ̀, ó ń fún bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ré kọjá sí òdìkejì ara nísàlẹ̀ ọpọlọ, kó tó wọ mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn. Àmì kékeré kan níbi tó ti fún lè ṣe ohun tí ogún àmì kò ní ṣe níbòmíì.

IRM tí wọ́n yà fún un kì í sì í rí gbogbo ìbàjẹ́. Ọ̀rá kan ló bo iṣan, myéline lorúkọ rẹ̀. Òun ni àìsàn yìí ń bó. Nígbà tí dókítà Faransé kan, Jean-Martin Charcot, ṣàpèjúwe àìsàn náà ní Paris ní 1868, kò sí bó ṣe lè wo inú ọpọlọ aláìsàn àfi lẹ́yìn ikú. Lónìí à ń rí àmì funfun lára alààyè, ṣùgbọ́n ibi tó mọ́ lójú lè ti máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

IRM mìíràn tí ẹ gbọ́ yẹn, tí à ń pè ní tenseur de diffusion, ìrìn omi inú ọpọlọ ló ń tẹ̀ lé. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Basser, Mattiello àti Le Bihan, ló gbé ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1994. Ẹ rántí oko lẹ́yìn òjò ńlá: omi á máa tọ poro lọ, kì í gun ebè. Nínú iṣan náà, omi ń tọ gígùn rẹ̀ lọ ju bó ṣe ń gé e kọjá lọ. Bí ebè bá wó, omi á tàn káàkiri. Ẹ̀rọ á wo ìrìn omi náà láti ìhà mẹ́fà, ó kéré tán, á sì fún ibi kékeré kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ní nọ́ńbà láàárín 0 àti 1. Bó bá sún mọ́ 1, omi ń tọ poro. Bó bá ń lọ sí 0, ó ti ń tàn. Nínú sclérose en plaques, nọ́ńbà yìí a máa wálẹ̀ nínú àmì funfun, nígbà mìíràn a tún máa wálẹ̀ níbi tí IRM lásán ní kò sí nǹkan kan.

Kọ̀ǹpútà á wá fi í fa okùn aláràbarà: búlúù fún èyí tó ń lọ sókè sódò, pupa fún ọ̀tún sí òsì, àwọ̀ ewé fún iwájú sí ẹ̀yìn. Ó rẹwà débi tí èèyàn á rò pé iṣan gan-an lòún ń wò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrìn omi ni kọ̀ǹpútà fi ń méfò ọ̀nà iṣan, bí iṣan méjì bá sì gba ara wọn kọjá, nọ́ńbà lè wálẹ̀ láìsí àìsàn rárá. Àwọn olùwádìí ń fi í fi ọ̀pọ̀ aláìsàn wé ọ̀pọ̀ aláìlárùn. Dókítà kì í fi í pinnu ìtọ́jú ẹnì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ẹ̀rọ tó kù nítorí rẹ̀.

Ṣé wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀?

Aránṣọ_Kétu

Orí nìkan ni o. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ẹ̀yìn fún wa.

Ọmọ_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọdún 6 rèé tí mo ti wà nínú àìsàn yìí. Ẹ bá mi sọ fún àwọn àna yẹn pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwòrán mi kò yí padà látọdún méjì, kò sí àmì tuntun kankan, síbẹ̀ ó lè rẹ̀ mí láàárọ̀ kí n tó fọ abọ́ méjì. Lóṣù kẹta, nígbà tí ooru bá ti ara àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ jáde, ẹsẹ̀ mi á dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Mo bá wẹ omi tútù, ó padà. Dókítà mi ní iṣan tí wọ́n ti bó kì í lè gbé àṣẹ dáadáa bí ara bá gbóná, ó ní Jámánì kan tó ń jẹ́ Uhthoff ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1890. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo sunkún, torí wọ́n ti pe èmi náà ní ọ̀lẹ. Kí àbúrò yín máa wẹ̀ kó tó jáde lọ́sàn-án.

Ayàwòrán_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ará Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí owó yẹ kó lọ nìyí: IRM ẹ̀yìn, láti ọrùn wálẹ̀, pẹ̀lú gadolinium, oògùn àwòrán tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, kí a lè mọ àmì tó ṣì ń jó lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Kí wọ́n sì wọn gígùn rẹ̀. Nínú sclérose en plaques, àmì ẹ̀yìn a máa kúrú. Bó bá gùn tó eegun ẹ̀yìn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn tó fara jọ ọ́, neuromyélite optique, tó ń mú ojú àti ẹ̀yìn bákan náà. Ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ anti-aquaporine-4, tí wọ́n fi ń wá àìsàn kejì yìí, lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, torí àwọn oògùn sclérose kan ń ba ìyẹn jẹ́ sí i. Ẹ mú CD tí àwòrán orí àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ dání.

Aránṣọ_Kétu

Ọlọ́run á san án fún yín. Mo pe dókítà lónìí, ó gbà pé ká ya ẹ̀yìn, ó sì ti kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ ọn. Ọjọ́bọ̀ ni a ń lọ. Mo ti yọ gbogbo píìnì lára ìró tó máa wọ̀. Àbúrò mi ní kí n bi yín: ìlẹ̀kẹ̀ ìdí òun ńkọ́?

Ayàwòrán_Àjàṣẹ́

Kó bọ́ ọ sílé, wáyà lè wà nínú okùn rẹ̀. Kó yọ yẹtí àti ohun tó fi di irun náà. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá sì ti pẹ́, kó sọ kí wọ́n tó fa gadolinium sí i lára.