Egbò tí a ń tọ́jú lórí ibùsùn nílé: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ kú ilé o. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbà dá ìyá ọkọ mi dùbúlẹ̀, egbò yọ sí wọn ní ìdí, níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ. Ó kọ́kọ́ pọ́n lásán, lẹ́yìn náà ló jìn. Ẹni tí kò lè jókòó, báwo la ṣe fẹ́ gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù? Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló gbà láti máa wá bá wa nílé.

Kó tó ṣí egbò, ó tẹ tìmùtìmù wò, ó fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n sùn lé bóyá ìtọ̀ ti rin ín, ó yẹ gìgísẹ̀ méjèèjì wò, ó bèèrè ohun tí màmá jẹ lánàá. Ó ní bí ara bá tẹ ojú kan pẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ mọ́, ẹran ibẹ̀ á sì kú. Oògùn yòówù ká fi sí i, kò ní jiná bí wọ́n bá ṣì ń sùn lé e.

Látìgbà náà, wákàtí méjì-méjì la ń yí wọn, ọ̀tún sí òsì, tọ̀sán-tòru. A ki ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, a ò jẹ́ kó wọ́n wọn. Sípírítì tí ọkọ mi rà, nọ́ọ̀sì ní ká gbé e kúrò, pé ó ń pa ẹran tuntun tó ń hù. Omi iyọ̀ ló fi ń fọ̀ ọ́: iyọ̀ gíráàmù 9 nínú omi lítà 1 tí a ti sè tó sì ti tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ó pẹ́ o, ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ẹran pupa hù láti ìsàlẹ̀ wá, òórùn sì lọ. Òórùn yẹn ló ń lé àwọn èèyàn kúrò lọ́dọ̀ màmá. Nígbà tó lọ tán, àwọn ọmọ-ọmọ wọn tún ń wá jókòó tì wọ́n.

Nọ́ọ̀sì, Sábẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè fara gbọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lára, torí ṣúgà ti ba iṣan tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára jẹ́. Òkúta wà nínú bàtà bàbá kan tí mò ń lọ tọ́jú, wọn ò mọ̀. Bí mo bá ti kí wọn báyìí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo ń wò. Bí ẹsẹ̀ bá dúdú tàbí ó wú, tí ibà sì dé, mi ò ní dá a tọ́jú nílé. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ Kétu l'Ájàṣẹ́

Kókó kan tí kò dùn ún rárá ló yọ sápá àbúrò mi. Àwọn kan ní àfiṣe ni. Nọ́ọ̀sì tó wá pààrọ̀ báńdéèjì ìyá wa àgbà ló tajú rí i, ó ní ká má dúró kó bẹ́, ká gbé e lọ sí Pọbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti egbò Buruli, àrùn tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, tó ń jẹ awọ ara. Buruli náà ni lóòótọ́. Oògùn rifampicin àti clarithromycin ló lò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Torí pé a tètè dé, wọn ò fọ̀bẹ kàn án. Apá náà ń ká, ó ń nà dáadáa.