Ẹ̀dà ni, kì í ṣe ẹ̀dá: ìdáhùn sí "ẹ̀dá-ènìyàn onílógbò"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ń dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ Àìkú. Mo rò pé àgbà kan yóò dá sí i, àṣé ẹ̀rín ni àwọn àgbà wa ń rín. Nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: bọ̀dá wa tó ń gbé ní Ìjàpọ̀, níbí ní Àkúrẹ́, fi àwàdà kan ránṣẹ́ nípa olóògbé Ààrẹ Buhari, ó pè é ní "ẹ̀dá-ènìyàn onílógbò", ìyẹn ni pé kì í ṣe ènìyàn gidi, ó sì ní ológbò, ó wá ní kí á gba ọ̀rọ̀ náà wọlé sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun wa. Àwàdà náà dùn, èmi náà rín in. Ọ̀rọ̀ náà ni mi ò lè gbà.

Ibi tí àwàdà ti ṣẹ̀ kò ṣòro. Ní 2017, ọjọ́ 103 ni Ààrẹ fi wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù nítorí àìlera, ọjọ́ 19 Oṣù Kẹjọ ló padà dé. Kò pẹ́ sí i ni Garba Shehu, agbẹnusọ rẹ̀, ní ilé ni ọ̀gá òun yóò ti máa ṣiṣẹ́ ná, nítorí èkúté ti ba àga àti ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì jẹ́. Ológbò ni gbogbo ìlú fi dá a lóhùn. Àwa kò tilẹ̀ ní láti ronú jìnnà, a ti ní in nílẹ̀: bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Baálé fúnra rẹ̀ ló re àjò lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn èyí ni àhesọ Jibril tún dé, pé ọkùnrin náà ti kú, ará Sudan kan ni wọ́n gbé jókòó sípò rẹ̀. Nnamdi Kanu gbé e kiri títí tó fi di pé ní Oṣù Kejìlá 2018, ní Kraków ní ilẹ̀ Pólàǹdì, Ààrẹ dìde, ó ní òun gan-an nìyí, òun ò ní í pẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 76. Ta ló tún gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí ààrẹ máa jẹ́rìí pé òun ni òun? Bọ̀dá wa wá so méjèèjì pọ̀: ó ní ẹni tó wà ní Aso Rock kì í ṣe ènìyàn rárá, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn ológbò, ológbò kì í béèrè orúkọ ìyá ẹni.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ "ẹ̀dá-ènìyàn"? Bọ̀dá, ẹ̀dá ènìyàn ni èmi. Ẹ̀dá ènìyàn ni ẹ̀yin náà, àti ìyá tó ń ta ẹ̀pa ní Ọjà Ọba. Ẹ̀dá ò láròpin, àbí ta ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀? Ẹ fẹ́ sọ fún wa pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn, orúkọ tí gbogbo ọmọ Ádámọ̀ ń jẹ́ lẹ wá fún un. Ẹ ti dá a láre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dà lẹ fẹ́ pè. Ohùn ìsàlẹ̀, kì í ṣe ohùn òkè. Ẹ̀dá wá láti ara dá, èyí tí Ọlọ́run dá wa, òun ló bí Aṣẹ̀dá àti Ẹlẹ́dàá. Dà ni ti ẹ̀kejì, ẹ rí i nínú àdàkọ. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí lẹ máa ń mú lọ fún wọn níbi tí ẹ bá ti ń wáṣẹ́, ẹ kì í mú ẹ̀dá rẹ̀ lọ. (Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ti ọkùnrin tí a ń sọ yìí wà lọ́tọ̀, mi ò bá wọn dá sí i.) Ẹ̀dà Buhari: ó tán. Kò sí ohun tí Jibril jẹ́ nínú àhesọ yẹn ju èyí lọ.

Ìdáhùn tí bọ̀dá fún àǹtí wa tó kọ́kọ́ bi í léèrè ló bí mi nínú jù. Ó ní òun kò fi àmì sí i nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, pé "eda eniyan" ni òun kọ, àwa la fúnra wa kà á sí ẹ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí kò fi àmì ohùn sí i, kí ló wá ṣẹ̀dá? Nínú lẹ́tà kejì ó fi àmì sí i, àmì òkè sì ni. Bàbá àgbà mi, tíṣà ni wọ́n láyé ọjọ́un, bí a bá kọ lẹ́tà sí wọn láti ilé ìwé, wọn yóò fi pẹ́ńsù tò ó lámì láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn yóò dá a padà, kí wọ́n tó wá dáhùn bóyá owó wà tàbí kò sí. Owó kì í sábà wà, ṣùgbọ́n àmì máa ń pé.

Bọ̀dá tún ní ohùn kan ṣoṣo kò tó láti ya ọ̀rọ̀ méjì nípá, pé ìdí nìyẹn tí òun fi so "ènìyàn" mọ́ ọn. Ta ló ti gbé ọkọ́ lọ sóko tó rò pé ọkọ̀ lòun gbé? Ohùn ni èdè yìí fi ń rìn.

Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Oǹdó gbìyànjú láti là wá níjà, wọ́n ní kí a lo "aláìṣènìyàn". Ẹ má bínú, àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ jù mí lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n "kò ṣènìyàn" àti "kì í ṣe ènìyàn", ọ̀nà wọn jìn síra. Ẹni tó rí aláìsàn lójú ọ̀nà tó kọjá lọ, kò ṣènìyàn, síbẹ̀ ènìyàn ni ìyá rẹ̀ bí. Ìwà ni àìṣènìyàn ń bá wí. Ti àwàdà yìí, ohun tí àwọn àgbà Àkúrẹ́ máa ń sọ tó mi: "Kì í ṣe ènìyàn lásán." Wọ́n lè fi yin ènìyàn, wọ́n sì lè fi sá fún un, ojú tí wọ́n bá fi sọ ọ́ lẹ máa wò. Bí ẹ bá sì fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, abàmì wà nílẹ̀, ànjọ̀nú wà nílẹ̀.

Ó ku "onílógbò". Èyí kò tilẹ̀ yẹ kó gba àkókò wa. Oní bá ilé pàdé, ó di onílé. Ó bá ọmọ pàdé, ó di ọlọ́mọ, aṣọ, aláṣọ, ejò, eléjò. Ó bá ológbò pàdé, olólógbò ni. Bọ̀dá ní ahọ́n òun ń kọsẹ̀ lórí lólóló yẹn. Kí ahọ́n náà máa fi olóólà ṣeré ìdárayá. Ẹlòmíràn sì wá yọjú, ó ní ológbò fúnra rẹ̀ ti ní oní nínú, pé oní-ogbò ni. Kí ni ń jẹ́ ogbò? Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ bi àwọn àgbà. Àwọn tó ń pè é ní olóńgbò ńkọ́, ońgbò ni tiwọn?

Kí n má baà dà bí ẹni tí ohunkóhun kò tẹ́ lọ́rùn: ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa kan fi pe Larry, ológbò tó wà ní ilé olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 10 Downing Street, "Balógun Apèkúté", kí á gbà á wọlé lónìí. Láti 2011 ló ti wà níbẹ̀, ó ti rí olórí ìjọba mẹ́fà, láti orí Cameron dé orí Starmer, oyè kò sì kúrò lórí rẹ̀. Pa èkúté, apèkúté, bí apẹja gẹ́lẹ́, kò sí ẹ̀ka kan tó yẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tún pa mí lẹ́rìn-ín: lọ́dọ̀ tiwọn, òṣèlú tó bá gbé ológbò mọ́ra, wọ́n á ní ó láàánú. Lọ́dọ̀ wa, kí olóṣèlú gbé ológbò dúdú mọ́ra jáde níwájú Ọjà Ọba, kí ẹ wo ẹni tí yóò dìbò fún un.

Lórí músù, orúkọ mìíràn tí a ń pe ológbò, mi ò bá bọ̀dá àti àǹtí jà sí i. Bọ̀dá ní ti Haúsá ni, nítorí pé àwọn yẹn ń pe akọ ológbò ní muzuru. Àǹtí ní músù ni ìyá àwọn ń pè é kí Haúsá kankan tó dé àdúgbò àwọn. Ìjọra kò tó ẹ̀rí, ìyá àǹtí náà kò sì tó ẹ̀rí, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Tápà ṣe ń pè é kó bá wa kọ ọ́ síbí. Kó fi àmì sí i.