Pákó tí kò wọ́n fún pẹpẹ ìwé: arere ni àbí afàrà?

Akọ́ṣẹ́-ilé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kan pẹpẹ ìwé sí pálọ̀: gíga rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà 6, ìbú rẹ̀ bíi 3, pákó ìdábùú 4. Owó ìrókò ò sí lọ́wọ́. Ní sọ́míìlì, ẹnì kan ní arere ni kí n rà, òmíràn ní afàrà. Èwo ni kí n mú? Mélòó ló máa tó?

Alápákó: Afàrà ni kẹ́ ẹ mú. Arere fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀ débi pé èékánná lè fa àpá sí i lára, ìṣó kì í sì dúró dáadáa nínú rẹ̀. Férémù àwòrán ló yẹ ẹ́. Ìwé wúwo jù fún un.

Pákó 1x12 (nínípọn ínṣì 1, fífẹ̀ ínṣì 12) tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, méjì péré ni. Ẹ gé ọ̀kan sí ínṣì 70 lọ́nà méjì fún ẹ̀gbẹ́. Ẹ gé èkejì sí ínṣì 34 lọ́nà mẹ́rin fún ìdábùú. Ẹ má fi sí 36 o: orí pákó sábà máa ń là, ayùn náà á sì jẹ tirẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé orí pákó sójú, kẹ́ ẹ di ojú kan, kẹ́ ẹ wò ó dé orí kejì. Èyí tó bá lọ́ tàbí tó tẹ̀ bí ọrun, ẹ dá a padà. Èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́, tí lẹ́búlẹ́bú ń dà jáde níbẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀.

Igi-gbígbẹ: Òótọ́ ni, àmọ́ tútù ni wọ́n sábà máa ń tà á. Ẹ kan pákó tútù lónìí, tó bá yá á súnkì, ojú ìsopọ̀ á yanu. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kì í ṣe sínú oòrùn; oòrùn ló ń la orí rẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ínṣì 1 sáàárín wọn ní ínṣì 18 síra, kẹ́ ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Ẹ máa wọn ọ̀kan nínú pákó náà lórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti gbẹ nìyẹn.

Akọ́ṣẹ́-ilé: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ínṣì 34 ò ní tẹ̀?

Alápákó: Á tẹ̀, nítorí pákó ínṣì 1 tí wọ́n bá ti fá kì í ju ¾ lọ. Ẹ kan igi 1x2 sábẹ́ etí iwájú ìdábùú kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbé e dúró lórí ìhà rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi plywood bo ẹ̀yìn, kó má baà máa mì.

Igi-gbígbẹ: Ìkán fẹ́ràn afàrà o. Ẹ fi àjákù ìrókò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìta ni kẹ́ ẹ ti kun ẹ̀yìn àti ìdí rẹ̀ ní solignum, oògùn tó ń lé ìkán kúrò lára igi, kí òórùn rẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé.