Iléèwé ìjọba wo ni kí n fàwọn ọmọ sí, Àpáta àbí Mọ́lété?

Ìyá Ìbejì: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará Ìbàdàn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Èkó ni, Odò-Ọ̀nà la wà, àwọn ìbejì mi, ọkùnrin kan obìnrin kan, fẹ́ wọ JSS1, owó iléèwé aládàáni sì ti kọjá agbára wa. Mo ń gbọ́ Government College (GCI), Queen's School, St. Anne's, Ibadan Grammar, oníkálukú ní tòun ló dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an lèsì WAEC ẹ̀ dáa jù?

Ọmọ Mọ́lété: Ibadan Grammar ní Mọ́lété ni mà, kò sí àríyànjiyàn. Láti 1913 la ti wà ńbẹ̀, Bọ́lá Ìgè pàápàá ibẹ̀ ló ti jáde.

Bọ̀ọ̀dá Àpáta: Ẹ wẹni tó ń fi 1913 halẹ̀ 😂 GCI dé ní 1929 lóòótọ́ àmọ́ Wọlé Ṣóyínká ńkọ́? Mà, GCI ọkùnrin, Queen's obìnrin, Àpáta làwọn méjèèjì wà, àwọn ìbejì á jọ máa wọ mọ́tò kan náà.

Tíṣà Máàsì: Ẹ̀yin ọmọ yìí, Ṣóyínká kọ́ ló fẹ́ jókòó ṣe WAEC ọdún yìí o. Mà, ẹ má bi wọ́n pé ọmọ mélòó ló pàásì, ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú mélòó. Ká ní iléèwé kan forúkọ ọmọ 200 sílẹ̀ fún WAEC tí 100 gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú máàsì àti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà, tí èkejì forúkọ 40 sílẹ̀ tí 30 gbà á, ariwo 100 yẹn lẹ máa gbọ́ káàkiri, bẹ́ẹ̀ èkejì ló ṣe dáadáa jù. Ẹ sì tún wádìí bóyá ṣe ni wọ́n rọra lé àwọn tí ò mọ̀wé ní SS2 kí wọ́n tó forúkọ àwọn tó kù sílẹ̀, torí ìyẹn náà wà. Iléèwé tó bá ń ṣa ọmọ látìbẹ̀rẹ̀, èsì ẹ̀ ò ṣe ní dáa? Èyí tó gba gbogbo ọmọ àdúgbò tó sì tún mú ìdajì wọn yege, tíṣà ibẹ̀ ló yẹ ká kí.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ kíákíá, ẹ wo nóòtì físíìsì ọmọ SS2 kan. Tí déètì tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ oṣù kẹwàá tá a sì ti wà lóṣù kẹta, kò sí tíṣà ńbẹ̀ nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára géètì.

Àǹtí Ṣadé: Tíṣà ò parọ́. Ọ̀kan wà níbí tí mi ò ní dárúkọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bá àwọn mẹ́ta pín bẹ́ǹṣì, ẹni tó bá pẹ́ dé á kọ nóòtì lórí itan. Mà, owó 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé ìjọba tẹ́lẹ̀, Màkíndé ti fagi lé e láti 2019, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi. Ó dáa, ta ló lọ́mọ SS2 ní Àpáta, kó jẹ́ n wo nóòtì ẹ̀?