Ráútà tuntun, iná rẹ̀ tàn pé, àmọ́ ìpè fídíò ń já: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Aránṣọ (Òkè-Àró, Àkúrẹ́):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ráútà ni mo gbé wá.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ni kò sí ní Àkúrẹ́ mọ́. Àwọn kan wà ní Àbújá, àwọn kan wà l'Ékòó, orí fídíò la ti ń wọn aṣọ. Màá ní kí wọ́n gbé téèpù lé èjìká, màá máa wò ó bóyá ó tọ́. Tí àwòrán bá ti dì, n kì í mọ̀ bóyá 15 ni wọ́n pè tàbí 16, aṣọ ìyàwó kì í sì í gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin náà ti dé ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì FUTA. Yàrá ẹ̀yìn nínú ilé wa ló ti ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ráútà 4G oní-síìmù lẹ́bàá Ọjà Ọba lóṣù tó kọjá. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin ni ilé wa, bulọ́ọ̀kù ni gbogbo rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà láàárín, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú. Yàrá mi ni mo gbé ráútà náà sí, lẹ́yìn wọ́dúróòbù onídígí, kí ọwọ́ olè má baà tètè tó o. Iná rẹ̀ tàn pé. Àmì Wi-Fi kún lórí fóònù mi. Síbẹ̀, ìpè ń já. Ọmọ mi ò tiẹ̀ rí nǹkan kan ṣe ní yàrá ẹ̀yìn, àfi kó gbé lápútọ́ọ̀pù jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n wá fi ₦65,000 ra èyí tó ní áńtẹ́nà mẹ́rin. Ẹlòmíràn ní kí n pààrọ̀ síìmù. Dátà náà tún ń dùn mí: 40GB tí mo rà fún oṣù kan, ọjọ́ 11 ló fi tán. Pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sábẹ́ ráútà la ṣì ń lò, gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì mọ̀ ọ́n.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá ráútà ni kò dáa ni, àbí ibi tí mo gbé e sí?

Ẹlẹ́rọ Ìjàpọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, màámi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ kọ́bọ̀.

Ọ̀nà méjì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó kọ́kọ́ ti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì (mast) àdúgbò wá sínú ráútà, lẹ́yìn náà ló ti inú ráútà wá sí fóònù. Àmì Wi-Fi tí ẹ̀ ń rí yẹn, ọ̀nà kejì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó lè kún dẹ́nu kí ohunkóhun má wọlé láti orí òpó. Ibí yìí gan-an lowó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò. Mo ti dé ilé tí wọ́n ra ráútà kejì àti ìkẹta ní Àkúrẹ́ yìí, tí ọ̀rọ̀ ò yí padà, torí pé ọ̀nà tó bàjẹ́ kọ́ ni wọ́n ń tún ṣe. Ó máa ń dùn mí.

Bí ẹ ó ṣe dá wọn mọ̀ rèé. Ẹ ní kí gbogbo ilé fi Wi-Fi sílẹ̀ ná. Ẹ dúró ti ráútà gbágbáágbá, ẹ ṣí fast.com, ojú-ewé tó ń wọn eré íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù yín, ẹ kọ iye tó bá gbé jáde sílẹ̀. Ẹ wá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Tó bá kéré níbi méjèèjì, ọ̀nà òpó ni. Tó bá dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tó wá kú ní yàrá ẹ̀yìn, ògiri ilé yín ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo abẹ́ ráútà. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 192.168.8.1 tàbí 192.168.1.1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tí ẹ máa ń tẹ fast.com sí, ojú-ewé ráútà á ṣí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP àti SINR sí. RSRP ni bí ráútà ṣe ń gbọ́ òpó sí. Àmì ìyọkúrò máa ń wà níwájú rẹ̀, bó bá sì ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó. -85 dára gan-an, -100 ṣeé gbà, tó bá ti kọjá -110, ìyà ló kù níbẹ̀. SINR ní tiẹ̀ ń sọ bí ohùn òpó ṣe borí ariwo tó yí i ká tó. Èyí, kó ga ni à ń fẹ́. Tí mo bá ti rí 13 sókè, mo máa ń fọwọ́ wọ́nú.

Ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn dígí yẹn. Fàdákà tàbí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń kun ẹ̀yìn dígí. Bó ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà náà ló ń dá ìgbì Wi-Fi padà. Ẹ gbé e káàkiri gbogbo fèrèsé ilé, kó wà lókè, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì níbì kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà náà fìdí múlẹ̀, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ọmọ FUTA, South Gate:

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀gbọ́n ti là á yé wa. Ọ̀rọ̀ dátà yẹn ni mo fẹ́ fi kún un, torí ó ti jẹ mí níyà rí.

Fóònù tó bá ti rí Wi-Fi, ó máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà yẹn ló máa ń ṣàtúnṣe gbogbo áàpù, tó máa ń kó fọ́tò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí WhatsApp á máa fa gbogbo fídíò inú gúrúùpù wọlé láìbéèrè. Ẹ ka iye fóònù tó wà lórí rẹ̀ mà, ojú-ewé ráútà máa ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 (oríṣi ààbò Wi-Fi ni wọ́n), ẹ pa WPS (ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù). Pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi wọ ojú-ewé náà fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Wi-Fi; ẹ yí òun náà, ẹ má fi "admin" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ ṣí Wi-Fi àlejò fún wọn, ibi tí wọ́n kọ "Guest" sí ni. Àwọn ráútà kan á jẹ́ kí ẹ dín eré rẹ̀ kù.

Orúkọ Wi-Fi méjì tún lè wà lórí ráútà yín, ọ̀kan fún ìgbì 5GHz, ọ̀kan fún ìgbì 2.4GHz. 5GHz yára, àmọ́ ògiri bulọ́ọ̀kù máa ń tètè pa á. 2.4GHz ò yára tó o, ṣùgbọ́n ó ń la ògiri kọjá dáadáa jù ú lọ. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa níbí, orúkọ Wi-Fi mẹ́rìnlá ni mo kà lórí 2.4GHz, mẹ́fà nínú wọn ló rọ́ sórí ṣánẹ́ẹ̀lì 6 (ṣánẹ́ẹ̀lì ni ọ̀nà tí Wi-Fi kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí ìgbì náà). Ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn lẹ́yìn. Mo gbé tèmi lọ sórí 11, ó yàtọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ má ṣe fast.com lọ títí o mà. Lórí 20 Mbps (Mbps ni ìwọ̀n eré tí fast.com ń gbé jáde), ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré ti jẹ 25MB. 8 Mbps ló ń fún wa ní 1MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í ṣe 1 Mbps, ohun tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyẹn.

Ìyá Aránṣọ:

Ẹlẹ́rọ, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọmọ mi tó wà ní FUTA, o ṣeun, wàá jẹ èrè ẹ̀kọ́ rẹ.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ṣe é, torí n kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ ni mo fi kọ ọ́. Ọmọ mi gbé ráútà, èmi mú bírò dání.

Lẹ́yìn wọ́dúróòbù, RSRP jẹ́ -113, SINR jẹ́ 1. Mo dúró tì í, fast.com fún mi ní 2.8 Mbps. Ní yàrá ẹ̀yìn, 2.1. Ẹ wò ó, ó kéré níbi méjèèjì. Gbogbo bí mo ṣe ń bú Wi-Fi, àṣé òpó ni ráútà mi ò gbọ́. Mo gbé e gun orí wọ́dúróòbù, ó di -107. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, -104, ilẹ̀kùn irin ṣì wà ní títì. Ó di -97 nígbà tí mo ṣí i, àmọ́ n ò lè máa sùn kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí.

Fèrèsé méjì ló wà ní pálọ̀. Ti ọwọ́ òsì, -98. Ti ọwọ́ ọ̀tún, -94, mo sì yí i kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú síta, ó di -91, SINR gòkè dé 14. Àárín fèrèsé méjèèjì ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ! Mo dúró níbẹ̀, mo ṣe fast.com: 19 Mbps. Mo ní kí ọmọ mi tún un ṣe, torí mo rò pé mo ṣì í kà ni. 21.

Ráútà kan náà ni, síìmù kan náà ni, ₦65,000 mi sì wà nínú àpò.

A ka fóònù tó wà lórí rẹ̀, 14 ni. Mẹ́ta wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ò mọ ẹni tó ni ín. A ti yí pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì, a pa WPS, a ṣí ti àlejò fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún wọn, wọn ò bínú.

Ó ku yàrá ẹ̀yìn. 19 tó wà ní pálọ̀, 4 ló ń dé ibẹ̀. Ògiri mẹ́ta ló wà láàárín, a sì tún gbé tánkì omi kékeré sí ilé ìwẹ̀. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ socket yẹn, tó ń gba Wi-Fi tó sì ń tún un tan síwájú?

Tísà tó ti fẹ̀yìntì, Oǹdó:

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò mi. Mo gbádùn bí ẹ ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ti ra ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ yìí rí. Ilé bàbá mi ni mò ń gbé níbí, ògiri amọ̀ ni, ó nípọn tó apá mi. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n eré nẹ́tíwọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì, torí orí ìgbì kan náà ló ti ń gbọ́ tó sì ti ń sọ̀rọ̀. Wáyà ló yanjú tèmi. Mo ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat5e, oní-mítà 25, mo gbà á gba òkè sílíìnì, mo sì fi ráútà àtijọ́ kan sí ìparí rẹ̀. Mo pa DHCP (ohun tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù kọ̀ọ̀kan) ti ráútà kejì, kí ráútà kan ṣoṣo máa pín àdírẹ́sì nínú ilé, mo sì fún àwọn méjèèjì ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kan náà. Wáyà yìí lè gùn tó mítà 100 kó tó di pé ó ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀.

Omi máa ń gbé Wi-Fi mì. Ẹ má fojú kéré tánkì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti iná. Lọ́dún kan, òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, mo fi ráútà sílẹ̀ lára iná, àrá sán lẹ́ẹ̀kan péré, ráútà mi ò tan mọ́ láti ìgbà náà. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú, ẹ fà á yọ. Fún ìgbà tí iná bá lọ, bátìrì kékeré kan wà tí wọ́n ṣe fún ráútà. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà yín. Ọ̀pọ̀ ráútà ń lo 12V, àmọ́ ẹ má ra nǹkan kan lórí àfojúbù. Kí 12V bá 12V mu, kí Amp ti bátìrì má kéré sí ti ṣájà.

Ẹlẹ́rọ Ìjàpọ̀:

Bàbá sọ òótọ́, wáyà ni màá fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n màámi, kẹ́ ẹ tó nawó, ẹ ní kí ọmọ wa bọ́ sórí 2.4GHz ní yàrá ẹ̀yìn ná, bóyá 5GHz ló wà. Ẹ sì wọn ọ̀sán, ẹ wọn alẹ́. Òpó kan náà ni gbogbo àdúgbò jọ ń lò. Tó bá ti di aago mẹ́jọ tí gbogbo èèyàn ti wọlé, nǹkan á dín kù, kò sí fèrèsé tó lè wo ìyẹn sàn.

Ìyá Aránṣọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ ni, orí 5GHz ló wà! Ó bọ́ sórí 2.4GHz, 4 di 9 Mbps. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ dúró síbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá wa l'Óǹdó ò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ káfíńtà, òun ló bá wa gba wáyà gba òkè sílíìnì. Ráútà àtijọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pa tì la fi sí ìparí rẹ̀. 18 Mbps ló wà ní yàrá ẹ̀yìn báyìí.

Mo wọn ọ̀sán, mo wọn alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Aago márùn-ún ìdájí, 27. Ọ̀sán, láàárín 17 sí 20. Aago mẹ́jọ alẹ́, 6, ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ 4. Nítorí náà, mo ti sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n máa pè mí kí ó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Dátà náà dúró: ọjọ́ kẹsàn-án rèé, 12GB la tíì lò nínú 40.

Aṣọ ìyàwó ti Àbújá, a wọ̀n ọ́n lánàá, àwòrán ò dì lẹ́ẹ̀kan. Èjìká rẹ̀, 15 àtààbọ̀ ni. Ọmọ mi náà fi pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn, fáìlì 86MB, bí ìṣẹ́jú méjì ló gbà. Ó pè mí kí n wá wò ó bó ṣe ń lọ.