Èbúté, ibùdókọ̀ àbí etíkun? Lórí àwòrán Whitby

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí a yọ “èbúté” kúrò nínú àlàyé abẹ́ àwòrán àtijọ́ ti Whitby, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a fi “ibùdókọ̀ ojú omi” rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní létí àwọn àgbà, ibi tí ọkọ̀ àjẹ̀ ti ń já èrò ni èbúté, kò tó ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní harbour. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà. Ẹni tó bá gbọ́ ibùdókọ̀ lónìí, ọ̀dọ̀ dáńfó ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Èbúté sì ti gba ọkọ̀ ńlá rí: nínú Orin Dáfídì 107, àwọn tó ń ṣòwò lórí òkun ni Olúwa mú dé “èbúté ìfẹ́ wọn” lẹ́yìn ìjì.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ta mí jí níbì kan. Ẹ tún àwòrán náà wò. Ọdún 1886 ni ayafọ́tò Frank Meadow Sutcliffe yà á, ó sì sọ ọ́ ní “Eku Omi”. Àwọn ọmọkùnrin ni, ìhòòhò ni wọ́n wà, àwọn kan nínú ọkọ̀ kékeré, àwọn yòókù nínú omi tí kò jìn. (Àwọn àlùfáà ìlú náà bínú sí i gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ọba tó padà di Edward Keje ra ẹ̀dà kan.) Tí a bá kọ pé àwọn ọmọ ń ṣeré “ní èbúté”, orí ilẹ̀ ni Yorùbá tó bá kà á máa gbé wọn sí, níbi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ ilẹ̀ ni àwa ti ń wo èbúté. Gúnlẹ̀ tí à ń sọ nígbà tí ọkọ̀ bá dé pàápàá, ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Omi ni Gẹ̀ẹ́sì ń wò ní tiwọn. Ní Whitby, níbi tí odò Esk ti ń ya wọ Òkun Àríwá, ògiri òkúta méjì ni wọ́n mọ wọ inú òkun kí ìgbì má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀. Omi tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ni harbour, inú rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ náà wà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá “omi èbúté” fún omi náà, kí “èbúté” dúró fún gbogbo àyíká ibẹ̀. Etí ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù, wọ́ọ̀fù ni, bí àwọn ará Èkó ṣe ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ti “ìlú etíkun” tí ẹnì kan mú wá, etíkun ni Whitby wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú etíkun pọ̀ tí ọkọ̀ kò lè gúnlẹ̀ sí. “Ìlú èbúté” ni kí a kọ.

Bí mo ṣe fẹ́ kí àlàyé náà kà nìyí: “Àwọn ọmọkùnrin nínú omi èbúté Whitby, 1886.” Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ilẹ̀ níbẹ̀ àbí omi?