Ewé mélòó ni kí n já lára ramps, ìyẹn àlùbọ́sà inú igbó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ewé igbó. Nígbà ìrúwé yìí, mo rí ibi tí ramps hù sí pitimu. Láti ìgbà tí hóró rẹ̀ bá ti hù, ó lè tó ọdún 7 kó tó tanná, ìdí nìyẹn tí mi ò fi hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ewé kan péré ni mò ń já lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn náà ò ti pọ̀ jù?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù: lily of the valley, ewéko kan tó ní májèlé, jọ ọ́ gan-an. Òórùn bíi ti áyù ni mo fi ń dá ramps mọ̀, àmọ́ tí mo bá ti já díẹ̀, ọwọ́ mi náà á ti máa rùn áyù (imú mi ò tilẹ̀ mú tẹ́lẹ̀). Ẹ jọ̀ọ́, àmì míì wo lẹ máa ń wò?